Ṣé ó yẹ kí Èkó máa sọ bí ilé ṣe gbọ́dọ̀ rí fún àwọn tó ń kọ́lé tà? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 ni wọ́n wó Ilojo Bar, ilé àtijọ́ kan ní Tinúbú ní Èkó, láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ojú ilé àti ojú títì kò ti kúrò lẹ́nu mi. Ibi tí mo bá ti dá a sílẹ̀, yálà láàárín ará àdúgbò ni, tàbí lọ́dọ̀ àwọn ayàwòrán-ilé, tàbí lọ́dọ̀ dìfẹ́lọ́pà fúnra rẹ̀, àwọn ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí. Mo kó wọn jọ síbí. Èrò tèmi ni mo fi dáhùn, ẹ ó sì rí ibi tí mo gbè sí.

Kí lẹ ń pè ní ìlànà bí ilé ṣe máa rí?

Ohun tí ilé kan ń ṣe sí ẹni tí kò gbé inú rẹ̀ ni. Bó ṣe ga tó. Bó ṣe jìnnà sí títì tó. Ohun tó kọjú sí títì nísàlẹ̀, bóyá ṣọ́ọ̀bù ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, àbí ògiri gbalaja tó ga ju orí èèyàn lọ. Ibi tí fèrèsé rẹ̀ wò. Ibi tí omi òrùlé rẹ̀ ń dà sí. Ibi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń fẹ́ sí. Ní àwọn àdúgbò àtijọ́, a lè fi irú òrùlé àti irú ojú ògiri kún un.

Inú ilé kò sí níbẹ̀. Bó bá wù yín kí ẹ gbé ilé ìdáná sáàárín pálọ̀, ẹ̀yin lẹ mọ̀. Bí ilé ṣe máa lágbára tó náà kò sí níbẹ̀. Irin, sìmẹ́ńtì àti ìpìlẹ̀ ní òfin tiwọn nínú National Building Code tó jáde ní 2006.

Ilé ń wó pa èèyàn ní Èkó, ẹ wá ń sọ̀rọ̀ ẹwà?

Ìbéèrè yìí ló máa ń wọ̀ mí lára jù, torí ẹni tó bi í kò ṣì í bi. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta 2019, ilé kan tí iléèwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì, àwọn ọmọdé sì bá a lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Gerrard Road ní Ìkòyí, ó pa èèyàn tó ju 40 lọ. Níwájú irú ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀, ta ló fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ fèrèsé?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ojú lásán kò rí ìwọ̀n irin tó wà nínú òpó. Ìyá tó ń ta ẹ̀kọ níwájú ilé kò lè mọ̀ bóyá bíríkìlà ti dín sìmẹ́ńtì kù. Àmọ́ gbogbo wa la lè ka àjà. Bí ìlú bá ti sọ pé ní òpópónà yìí ilé kò gbọdọ̀ kọjá àjà mẹ́rin, tí gbogbo ará òpópónà sì mọ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ àjà karùn-ún ni ọmọ iléèwé pàápàá máa mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ìlànà tí ojú lè rí, gbogbo àdúgbò ní ń ṣọ́ ọ. Èyí tó wà nínú fáìlì nìkan, ẹni tí fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ, tó bá wù ú láti ṣọ́ ọ.

Nítorí náà, mi ò gbà pé ọ̀rọ̀ bí ilé ṣe rí àti ọ̀rọ̀ ààbò ń bá ara wọn jìjàdù. Ọ̀kan lè gbé èkejì dìde.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí Ilojo Bar gan-an?

Casa do Fernandez ni orúkọ rẹ̀ àtijọ́. Nǹkan bí ọdún 1855 ni ìdílé Fernandez kọ́ ọ, ní ọnà ilé àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà láti Brazil: ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí orí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe ọnà sí ojú ògiri rẹ̀. Ní 1933, Alfred Omolana Olaiya rà á. Ní 1956, ìjọba kọ ọ́ sínú ìwé pé ó di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, katakata wọ ibẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi di àlàpà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé a ò ka òfin sí. Òótọ́ ni. Èmi rí nǹkan kejì. Òfin 1956 dáàbò bo ilé náà, àmọ́ kò sọ ohunkóhun nípa ohun tí wọ́n lè kọ́ sórí ilẹ̀ rẹ̀ bí ilé náà bá lọ. Ilẹ̀ Tinúbú, ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń tà á. Níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó bá wó ilé alájà kan lè ronú pé òun máa gbé alájà mẹ́wàá dìde síbẹ̀, èrè ń bẹ nínú wíwó o. Ká ní ìlànà kan wà lórí ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́, pé ohunkóhun tí ẹ bá kọ́ yíká gbàgede yìí kò gbọdọ̀ ga ju báyìí lọ, ó sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ nísàlẹ̀? Ẹni tó bá wó o á kàn ti fi owó katakata ṣòfò ni, kò ní rí ju ohun tó ní tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kíkọ orúkọ ilé sínú ìwé kò tó. Lórí òpópónà ni ká gbé ìlànà lé.

Ilẹ̀ mi ni, owó mi ni. Kí ló kan ìlú?

Bí ilé yín bá lè dúró sórí ilẹ̀ yín láìjẹ́ pé òjìji rẹ̀, omi rẹ̀, ariwo rẹ̀ àti ọkọ̀ àlejò rẹ̀ bọ́ sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, kò kan ẹnikẹ́ni. Mi ò tíì rí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Èkó.

Ilé bàbá àgbà mi kò jìnnà sí Kámpọ́ọ̀sì. Pálọ̀ òkè ní fèrèsé mẹ́ta tó kọjú sí ìlà oòrùn, ibẹ̀ ni bàbá máa ń jókòó sí láàárọ̀ ka ìwé ìròyìn. Nígbà tí wọ́n ta ilé ẹ̀gbẹ́ wa, ẹni tó rà á gbé alájà mẹ́fà dìde dé orí ààlà gan-an. Ògiri rẹ̀ kò ju gígùn apá kan lọ sí fèrèsé yẹn. Láti ọjọ́ náà, iná mànàmáná là ń tàn ní pálọ̀ ní agogo méjìlá ọ̀sán, bí kò bá sì sí iná, àá tan ẹ̀rọ amúnáwá ká tó lè rí ojú ara wa. Bàbá kó àga rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Owó ẹni tó kọ́lé ló kọ́ ọ, àmọ́ àwa là ń ra epo. Ta ló ń san owó ilé yẹn?

Àwọn bàbá wa mọ èyí. Nínú agbo ilé, yàrá oníkálukú jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè dìde lọ́jọ́ kan kó fa ògiri rẹ̀ gba àárín àgbàlá tí gbogbo ilé ń lò. Baálé máa pè é. Títì ni àgbàlá wa báyìí, baálé ló kù tí a ò ní.

Ìlú wo ló ti dán an wò?

Ó pọ̀. Ní Jerúsálẹ́mù, láti 1918, lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú ní 1917, ni òfin ti ní kí wọ́n máa fi òkúta àdúgbò bo ojú ilé, ìlú náà sì ń ràn bíi wúrà nírọ̀lẹ́ títí dòní. Ní Santa Fe ní Amẹ́ríkà, òfin 1957 mú kí àárín ìlú máa jọ ilé alámọ̀ àtijọ́. Paris la rí kọ́gbọ́n jù nínú wọn: ní 1973 wọ́n parí ilé gogoro Montparnasse, tó ga tó mítà 210, inú àwọn ará ìlú kò dùn sí i, nígbà tó fi máa di 1977 ìlú ti fòfin dé gíga ilé tuntun sí mítà 37 ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Wọ́n tú u díẹ̀ ní 2010, wọ́n tún padà sí mítà 37 ní 2023.

Ohun tó yẹ ká mú nínú ti Paris ni pé ìlú lè yí ọkàn padà, kó tún un yí padà, bí ìwọ̀n bá ti wà nínú ìwé tí gbogbo èèyàn lè kà.

Ṣé kò ní jẹ́ kí ilé wọ́n sí i?

Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì ní kò lè rí bẹ́ẹ̀ ń tanni. Ní Texas, àwọn ìlú kan máa ń fi dandan lé e tẹ́lẹ̀ pé bíríkì tàbí òkúta ni kí wọ́n fi bo ojú ilé tuntun. Bíríkì ń náni lówó. Ní 2019, ìjọba ìpínlẹ̀ ṣòfin tó gba àṣẹ yẹn lọ́wọ́ àwọn ìlú, pé ohun èlò yòówù tí ìwé òfin ìkọ́lé bá ti fọwọ́ sí, ìlú kankan kò lè kọ̀ ọ́. Lára ohun tí wọ́n fi gbè é lẹ́sẹ̀ ni pé ọ̀nà kan ni irú òfin bẹ́ẹ̀ láti má jẹ́ kí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó rí ilé rà.

Mo gbà pẹ̀lú wọn lórí ohun èlò. Bí ìjọba Èkó bá ní kí gbogbo ilé Ìkòròdú fi mábù bo iwájú, èmi ni mo máa kọ́kọ́ figbe ta. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ fi kún owó ilé: kí fèrèsé méjì kọjú síra wọn kí atẹ́gùn lè gba yàrá kọjá, kí òrùlé yọ síta tó láti ṣíji bo fèrèsé, kí ilé sún sẹ́yìn kúrò lórí gọ́tà, kí jẹnẹrétọ̀ máa kọjú sí ẹ̀yìn ilé ẹni tó ni ín, kó má kọjú sí yàrá ọmọ aládùúgbò. Àwọn kan nínú wọn ń dín owó kù. Ilé tó ń gba atẹ́gùn kì í fi bẹ́ẹ̀ nílò ẹ̀rọ amúlétutù. Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew ń yàwòrán Yunifásítì Ìbàdàn, ògiri oníhò-hò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé ni wọ́n lò káàkiri. Búlọ́ọ̀kù oníhò lásán ni, tí ẹnikẹ́ni lè fi sìmẹ́ńtì àti yanrìn yọ.

Ṣé kì í ṣe ọ̀nà láti lé tálákà kúrò nìyẹn?

Ẹ ò ní bi mí ní ìbéèrè tó bà mí lẹ́rù ju èyí lọ, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí.

Ní 1928, lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn eku ti pa èèyàn ní Èkó, ìjọba amúnisìn dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Nígbà tó fi di àárín àwọn ọdún 1950, ìgbìmọ̀ náà ti ń wó àárín Ìsàlẹ̀ Èkó ní ojúlé-ojúlé, pé ó dọ̀tí, pé kò bójú mu fún olú ìlú orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gbòmìnira. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Àwọn ìyá tó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà wọn bá ara wọn níbi tí oníbàárà kò sí, tí ọjà jìnnà, tí owó ọkọ̀ ń jẹ èrè. Àwọn àgbà wa ṣì ń sọ ọ́. Ẹwà ni wọ́n fi ṣe àwáwí.

Ó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìbátan wa ní òdìkejì òkun náà. Pelourinho ní Salvador, Bahia, àdúgbò tó kún fún àwọn tí ẹ̀jẹ̀ Yorùbá wà nínú wọn, wọ inú àkójọ ohun àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO ní 1985. Ní àwọn ọdún 1990, ìjọba kun àwọn ilé náà ní àwọ̀ mèremère fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Ọ̀pọ̀ lára àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé inú wọn ni wọ́n fún lówó díẹ̀ kí wọ́n kó kúrò. Ilé dúró, àwọn tó ni ìlù àti orin ibẹ̀ lọ.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ kọ ìlànà kan tí ohun tí mo máa sọ yìí kò sí nínú rẹ̀, ẹ má bá wọn fọwọ́ sí i: ìlànà kò gbọdọ̀ kan ilé tó ti wà nílẹ̀. Kò sí àmì pupa lára ògiri ìyá arúgbó nítorí pé páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Ẹni tó ń bọ̀ wá kọ́lé tà, tó ń bọ̀ wá jèrè lórí òpópónà, òun ni kí ìlànà dì mú. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó ń kọ́lé gbé àti ẹni tó ń kọ́lé tà gbọ́dọ̀ wà nínú òfin ní kedere.

Ta ló máa pinnu pé ilé kan rẹwà?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pinnu rẹ̀.

Bí ìwé òfin bá sọ pé ilé gbọ́dọ̀ "bá àdúgbò mu", ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì ló máa sọ ìtumọ̀ rẹ̀, ìtumọ̀ náà yóò sì máa yí padà bí àpòòwé tó wà lórí tábìlì bá ṣe nípọn tó. A mọ ara wa. Àmọ́ bí ìwé bá sọ pé àjà mẹ́rin, mítà mẹ́ta sí ààlà, ìdajì ojú ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé tó ṣí sí títì, tépù ni a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Dìfẹ́lọ́pà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á fẹ́ èyí náà, torí kó tó ra ilẹ̀ ló ti mọ iye fúláàtì tó lè rí nínú rẹ̀. Àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ kò kórìíra òfin tó bí wọ́n ṣe kórìíra òfin tí ìtumọ̀ rẹ̀ ń yí padà lẹ́yìn tí wọ́n ti sanwó ilẹ̀.

Ẹ fẹ́ ká máa kọ́ ilé Àgùdà ayédèrú kiri ni?

Rárá o. Ilé tuntun ni ilé Àgùdà nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Àwọn tó padà láti Brazil mú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà tí wọ́n kọ́ lóko ẹrú bọ̀ wálé, wọ́n sì lò ó fún ohun tí Èkó nílò. João Baptista da Costa, Àgùdà ni, òun ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street, èyí tí wọ́n ṣí ní 1894. Ní Àjàṣẹ́ tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo, mọ́ṣáláṣí ńlá ibẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia débi pé àlejò lè ṣì í mú. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn nígbà náà pé ọnà ṣọ́ọ̀ṣì kò gbọdọ̀ wọ mọ́ṣáláṣí.

Ohun tó yẹ ká mú lọ́wọ́ wọn ni ìwà ilé wọn sí títì. Ẹ wo Water House ní Kákáwá, tí João Esan da Rocha kọ́. Kànga ilé náà ló fún un lórúkọ, àwọn ará Èkó ń wá ra omi níbẹ̀. Ilé náà ń fún òpópónà ní nǹkan. Ẹ wá rin òpópónà ilé tuntun kan ní Lẹ́kí ní agogo mẹ́jọ alẹ́: fẹ́ǹsì, wáyà, géètì, fẹ́ǹsì. Kò sí ibi tí ẹ lè fara pamọ́ sí bí òjò bá dé, kò sí ojú tó ń wò yín láti òkè bí olè bá lé yín. Owó tó wọ ilé méjèèjì, ti Lẹ́kí ló pọ̀ jù.

Ẹni tó bá ní a ò lè ṣe tuntun tó jẹ́ tiwa, kó lọ wo ilé àdúrà àwọn Dominican ní Ìbàdàn tí Demas Nwoko yàwòrán rẹ̀. Ní 2023, àfihàn iṣẹ́ ayàwòrán-ilé àgbáyé tó ń wáyé ní Venice fún un ní àmì ẹ̀yẹ kìnnìún oníwúrà fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ta ló ní àṣẹ láti ṣe é, Àbújá ni tàbí Aláùsá?

Ìpínlẹ̀ ni. Ní 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ Èkó àti ìjọba àpapọ̀ pé ọ̀rọ̀ ètò ìlú jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Òfin ètò ìlú Èkó ti 2010 ló gbé LASPPPA kalẹ̀ fún ìwé àṣẹ ìkọ́lé àti LASBCA fún àbójútó ilé. Ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, bíi ti Ilojo Bar, wà lábẹ́ àjọ ti ìjọba àpapọ̀. Ẹ rí i pé ọwọ́ méjì ló wà lórí ilé kan náà.

Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́la. Kí ni mo lè ṣe báyìí?

Ẹ lọ wo pátákó tó yẹ kó wà níwájú ilẹ̀ náà, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá sí pátákó, ìyẹn nìkan tó ohun tí ẹ lè fi lọ bá wọn. Ẹ mú nọ́ńbà náà lọ sí ọ́fíìsì LASPPPA tó wà ní àgbègbè yín, kí ẹ béèrè ohun méjì péré: àjà mélòó ni wọ́n fọwọ́ sí, mítà mélòó ni wọ́n ní kó fi jìnnà sí ààlà? Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà, kí ilé mẹ́rin tàbí márùn-ún tó yí yín ká fọwọ́ sí i pẹ̀lú yín, torí ohùn ẹnì kan rọrùn láti pa mọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Ẹ fi tépù wọn ibi tí wọ́n na okùn ìpìlẹ̀ sí. Gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó da kọ́ńkéré ni o. Àwa ò tètè dìde, ìgbà tí wọ́n fi ń da dẹ́kì kejì la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ẹni tí a máa fẹjọ́ sùn, ògiri náà sì ti wà níwájú fèrèsé bàbá.